Lẹ́tà ṣíṣí sí World Physiotherapy: ẹ bá wa wo orúnkún tó ń tẹ̀ sẹ́yìn lẹ́yìn rọpárọsẹ̀

Ẹ̀yin aṣíwájú World Physiotherapy, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn onífisiotẹ́rápì, ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, àti gbogbo ẹlẹgbẹ́ mi tí ń gbé aláìsàn dìde lórí ibùsùn,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá. Ọ̀rọ̀ orúnkún ni mo bá wá. Mo ń sọ nípa orúnkún ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke, èyí tó ń ti ọpọlọ wá) mú ní ẹ̀gbẹ́ kan, tó ti ń rìn padà, tí gbogbo ará ilé ti ń dúpẹ́, àmọ́ tí orúnkún rẹ̀ ń tẹ̀ sẹ́yìn kọjá ààyè nígbàkígbà tó bá fi ẹsẹ̀ náà tẹlẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ bá wa sọ ọ́ di ara iṣẹ́ wa pé ká máa wo orúnkún yìí, ká máa kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀, ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ kí kátíléèjì inú rẹ̀, ohun tó bo orí egungun nínú oríkèé, tó bàjẹ́. Bí nǹkan ṣe rí báyìí, ìrìn là ń kà. Ohun tí ìrìn ń fi ojú orúnkún rí, a kì í kà á.

Ẹ wo àwọn òṣùwọ̀n tí a ń lò. Barthel Index, tó ti wà láti 1965, ń fún aláìsàn ní máàkì 15 bó bá lè dá rin 50 yáàdì, ìyẹn nǹkan bíi mítà 45. Ó lè tẹ ọ̀pá, kò sí wàhálà. Orúnkún rẹ̀ lè máa ta sẹ́yìn ní gbogbo ìṣísẹ̀, máàkì 15 yẹn náà ló máa gbà. Ìdánwò mítà 10 ń wo bó ṣe yá tó. Ìdánwò ìṣẹ́jú 6 ń wo bó ṣe jìnnà tó. Functional Ambulation Category, tó lọ láti 0 dé 5, ń béèrè bóyá ó ṣì nílò ẹni tó máa dì í mú tàbí tó máa ṣọ́ ọ. Èmi náà ń lò wọ́n, wọ́n sì wúlò gan-an. Àmọ́ èèyàn lè yege nínú gbogbo wọn pátá kó sì máa fi orúnkún kan jó rẹ̀yìn.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ohun tí mò ń sọ gbọ́dọ̀ kúrò níwájú aláìsàn. Iwájú la sábà máa ń dúró sí, tàbí ẹ̀yìn, torí ibẹ̀ la ti lè tètè gbá a mú bó bá fẹ́ ṣubú. Láti iwájú, ṣe ni ẹsẹ̀ náà máa dà bí ẹsẹ̀ tó nà dáadáa, ó tiẹ̀ lè wuni. Ẹ wá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí i pé gìgísẹ̀ kọ́ ló kọ́kọ́ kan ilẹ̀. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ ni, tàbí kí àtẹ́lẹsẹ̀ balẹ̀ lódindi lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ìwúwo ara ṣe ń bọ́ sórí ẹsẹ̀ yẹn, ojúgun á kọ̀, kò ní bá ara lọ síwájú. Ìbàdí ń lọ, ojúgun dúró, orúnkún tó wà láàárín àwọn méjèèjì á wá ta sẹ́yìn gbàgà. Aláìsàn á tẹ àyà síwájú kó lè rí ọ̀nà kọjá. Ẹ gbé bàtà ẹsẹ̀ náà wò, imú rẹ̀ ló máa ń jẹ. Ẹ kì í sábà nílò ẹ̀rọ kankan láti rí èyí. Fóònù tó ń ya fídíò, tí a gbé sí ìwọ̀n gíga orúnkún, tí a dá dúró lórí àwòrán ibi tí ìwúwo ara ti bọ́ sórí ẹsẹ̀ tán, ti tó láti fa ìlà méjì kí a sì wọn igun àárín wọn. Tó bá ti kọjá dígírì 5 sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ nínú wa gbà pé ó ti di ohun tó yẹ ká kọ sílẹ̀.

Ká rántí bó ṣe yẹ kó rí. Jacquelin Perry, tó ṣe iṣẹ́ fisiotẹ́rápì nínú ẹgbẹ́ ológun kó tó di dókítà oníṣẹ́-abẹ egungun, àti àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ ní Rancho Los Amigos ní California, ló kọ́ wa láti pín ìṣísẹ̀ kan sí abala-abala. Nínú ìrìn ẹni tí ara rẹ̀ dá, orúnkún máa ń tẹ̀ síwájú ní dígírì 15 sí 20 kété lẹ́yìn tí gìgísẹ̀ bá ti kan ilẹ̀. Títẹ̀ kékeré yẹn ló ń gba ìjì ìwúwo ara, iṣan iwájú itan á sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ bá wà lófuurufú, orúnkún á tẹ̀ dé nǹkan bíi dígírì 60. Aláìsàn wa kò ní títẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn rárá. Ibi tó yẹ kí orúnkún ti rọ̀ kó gba ẹrù ni tirẹ̀ ti ń tì pa. Ẹrù ọ̀hún kò sì kéré: lórí ilẹ̀ títẹ́jú, agbára tó ń bọ́ sórí oríkèé orúnkún nígbà tí èèyàn bá ń rìn máa ń tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta ìwúwo ara rẹ̀.

Kí ló ń tì í sẹ́yìn? Ìdí rẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣìnà. Iṣan iwájú itan lè ti rọ débi pé, bí orúnkún bá tẹ̀ díẹ̀, kò ní lè gbé ara dúró. Ara á wá ti orúnkún pa kí egungun àti àwọn okùn inú oríkèé lè ṣe iṣẹ́ tí iṣan kò lè ṣe. Lára ẹlòmíràn, iṣan iwájú itan kò rọ, ṣe ló gan, tó ń na orúnkún nígbà tí kò yẹ. Iṣan ẹ̀yìn itan, tó yẹ kó dá orúnkún lẹ́kun, lè ti rọ. Ó sì lè jẹ́ pé kókósẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà: iṣan ẹ̀yìn ojúgun ti gan tàbí ó ti kúrú, kò jẹ́ kí ojúgun tẹ̀ síwájú lórí àtẹ́lẹsẹ̀, orúnkún ló sì ń jìyà rẹ̀. Àwọn kan tún wà tí agbára iṣan wọn kò burú tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tí ọpọlọ kò gbọ́ ìròyìn láti orúnkún mọ́. Ẹ ní kí wọ́n di ojú, ẹ gbé orúnkún tó rọ sí ipò kan, kí ẹ ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kejì ṣe irú rẹ̀. Ohun tí wọ́n máa ṣe máa yà yín lẹ́nu.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe jẹ́ ká máa bá aláìsàn wí lórí èyí. Mo ti gbọ́ kí onífisiotẹ́rápì máa pariwo mọ́ àgbàlagbà pé “Bàbá, ẹ má na orúnkún yẹn mọ́!” bíi pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é. Ọgbọ́n tí ara dá kó má bàa wó lulẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ tí kò lè dúró lórí iṣan ti wá dúró lórí egungun, ó sì ṣiṣẹ́: ẹni náà ń lọ sí ilé ìwẹ̀ fúnra rẹ̀, ó ń lọ sí ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá fẹ́ gba ọgbọ́n yẹn lọ́wọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi nǹkan mìíràn rọ́pò rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ilẹ̀ ló máa bá ara rẹ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kátíléèjì ló ń san owó ọgbọ́n yìí, kátíléèjì kò sì ní ẹnu. Ohun funfun tó ń dán tó ń yọ̀, tó bo orí egungun níbi tí egungun méjì ti pàdé, ni mò ń sọ. Ní orúnkún, ó sábà máa ń nípọn tó milimítà 2 sí 4 péré. Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, nǹkan bí ìdá 65 sí 80 nínú ọgọ́rùn-ún; ìyókù jẹ́ okùn collagen tó hun mọ́ra, proteoglycan tó ń fa omi mọ́ra, àti sẹ́ẹ̀lì díẹ̀ tó tú ká láàárín wọn. Kò ní iṣan ẹ̀jẹ̀. Omi oríkèé ló ń bọ́ ọ, oúnjẹ yẹn sì máa ń rọrùn láti wọlé nígbà tí a bá ń tẹ̀ ẹ́ tí a tún ń yọ̀ǹda rẹ̀, bíi kàn-ìn-kàn-ìn inú omi. Kò ní iṣan ìmọ̀lára pẹ̀lú. Ó lè máa fẹ́lẹ́, kó máa sán, kó má dun ẹnikẹ́ni. Ìgbà tí ìrora bá dé, inú egungun abẹ́ rẹ̀ tàbí àpò tó yí oríkèé ká ló ti ń wá, kátíléèjì á sì ti rin ìrìn-àjò tó jìnnà nígbà yẹn. Ẹ wá fi kún un pé ọ̀pọ̀ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú kò gbọ́ ara wọn dáadáa ní ẹ̀gbẹ́ tó rọ. Ìrora tí à bá fi mọ̀ tètètè ti kú lẹ́ẹ̀mejì.

Bó bá ti bàjẹ́ ńkọ́? Ní 1743, William Hunter ti sọ fún àwọn ọmọ Royal Society ní London pé kátíléèjì oríkèé tó bá ti jẹrà jẹ́ ohun tí kì í sàn bọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, a ti ní iṣẹ́-abẹ oríṣiríṣi, a sì ti ní oríkèé àtọwọ́dá, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Hunter kò tíì kúrò nílẹ̀. Kátíléèjì tí èèyàn ní nígbà tó dàgbà ni èyí tó máa lò.

Ohun tó mú kí orúnkún ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ yàtọ̀ sí orúnkún àgbàlagbà mìíràn ni pé ìyà méjì tó tako ara wọn ló ń jẹ ẹ́. Èkíní, ebi. Ẹsẹ̀ tó rọ kì í gba ẹrù tó bó ṣe yẹ. Aláìsàn ti dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, nígbà tó sì dìde, ẹsẹ̀ tó dá ló ń gbé ara lé. A mọ ohun tí àìtẹ̀ ń ṣe. Lára àwọn tí ọ̀pá-ẹ̀yìn wọn fara pa tí wọn kò fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀ mọ́, MRI, ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara, ti fi hàn pé kátíléèjì orúnkún ń fẹ́lẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, tó sì ń fẹ́lẹ́ lọ bí àkókò ṣe ń gùn sí i. Lára àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú náà, ìwádìí tí wọ́n fi ultrasound, ẹ̀rọ tó ń fi ìró ya àwòrán inú ara, ṣe ti rí i pé kátíléèjì ìsàlẹ̀ egungun itan, pàápàá níhà inú, lè fẹ́lẹ́ ní ẹsẹ̀ tó rọ ju ti ẹsẹ̀ kejì lọ.

Ìyà kejì ni ẹrù tó bọ́ síbi tí kò yẹ. Kátíléèjì kì í nípọn bákan náà káàkiri. Ó máa ń nípọn, ó sì máa ń le, níbi tí ẹrù ti ń bọ́ lé e lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Thomas Andriacchi ní Yunifásítì Stanford àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló tan ìmọ́lẹ̀ sí èyí jù, nígbà tí wọ́n ń wo àwọn tí okùn àárín orúnkún wọn já: bí ìrìn bá yí ibi tí egungun ti ń kan ara padà, ẹrù á bọ́ sórí kátíléèjì tí kò mọ irú rẹ̀ rí, ibẹ̀ ni ìbàjẹ́ á ti bẹ̀rẹ̀. Orúnkún tó ń tẹ̀ sẹ́yìn ń ṣe irú nǹkan yìí gan-an. Agbára tí ilẹ̀ fi ń tì wá padà á gba iwájú orúnkún kọjá, iwájú orí egungun ojúgun àti iwájú meniscus, ìrọ̀rí kékeré tó wà láàárín egungun méjèèjì, ló máa gba ìkọlù náà. Lẹ́yìn, àpò oríkèé àti àwọn okùn rẹ̀ á máa nà, títí wọ́n á fi gùn jù, tí orúnkún á wá máa lọ sẹ́yìn sí i. Ẹsẹ̀ kan náà tí ebi ń pa kátíléèjì rẹ̀ ló tún ń fi agídí bọ́ ọ ní ibi tí kò ní ẹnu.

X-ray kò lè sọ èyí fún wa ní kùtùkùtù. Àlàfo àárín egungun ló ń fi hàn, kì í fi kátíléèjì fúnra rẹ̀ hàn. Kí àlàfo tó dín kù, ọ̀pọ̀ nǹkan ti lọ. MRI tó ń wọn T2, ìwọ̀n kan tó ń fi ipò omi àti okùn inú kátíléèjì hàn, máa ń rí i nígbà tí okùn collagen ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tú, tí omi inú kátíléèjì ń pọ̀ sí i, kó tó di pé ó fẹ́lẹ́. Àmọ́ èmi ò ní dúró de MRI. Ultrasound tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn lè wọn kátíléèjì ìsàlẹ̀ egungun itan bí aláìsàn bá lè tẹ orúnkún dáadáa: níhà inú, níhà òde, àti ní àárín. Kò ní ìtànṣán, kì í pẹ́, ẹsẹ̀ kejì aláìsàn fúnra rẹ̀ la sì máa fi ṣe àfiwé. Ẹ jẹ́ ká rántí o, ẹsẹ̀ kejì yẹn náà ti ń gbé ẹrù tó ju tirẹ̀ lọ. Bó bá ti ń dunni, àfiwé náà kò dúró dáadáa mọ́.

Nísinsìnyí, ìtọ́jú. Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé ká má ṣe fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Mo ti rí orúnkún tí wọ́n dè ní bẹ́líìtì líle, tí wọ́n fi òróró pa títí, tí kò sí ẹni tó gbé kókósẹ̀ wò. Kí á tó so ohunkóhun mọ́ orúnkún, ẹ jẹ́ ká nà án tọ́, ká ti àtẹ́lẹsẹ̀ sókè, ká wo bí kókósẹ̀ ṣe lè tẹ̀ tó. Bí kò bá kọjá igun dígírì 90 sí ojúgun, kókósẹ̀ ni ká kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀.

Ike AFO, tó gbá ẹ̀yìn ojúgun mú tó sì wọ inú bàtà, máa ń ṣe dáadáa fún ọ̀pọ̀ àwọn aláìsàn yìí, pàápàá èyí tó dá àtẹ́lẹsẹ̀ lẹ́kun kó má tẹ̀ sílẹ̀, tó sì fi ojúgun síwájú díẹ̀. Àmọ́ ìwọ̀nba ni. Bí a bá ti ojúgun síwájú jù fún ẹni tí iṣan iwájú itan rẹ̀ rọ, orúnkún rẹ̀ á wó síwájú, a ti fi ewu kan gba òmíràn. Bí iṣan ẹ̀yìn ojúgun bá sì ti kúrú ní ti gidi, ike kò lè bá a jà. Gìgísẹ̀ á yọ sókè nínú bàtà, tàbí kí àárín àtẹ́lẹsẹ̀ máa wó. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò kí a gbé gìgísẹ̀ bàtà sókè díẹ̀, tàbí kí a fi POP, sìmẹ́ńtì funfun tí wọ́n fi ń di egungun tó ṣẹ́, na kókósẹ̀ ní ìpele-ìpele. Abẹ́rẹ́ botulinum sí iṣan ẹ̀yìn ojúgun lè tú iṣan tó gan sílẹ̀ fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan péré ni mo ní nípa rẹ̀: kí dókítà tó gún un, kí onífisiotẹ́rápì sọ fún un bóyá gígan yẹn gan-an kọ́ ni aláìsàn fi ń dúró.

Fún iṣan, ohun tí mo nígbàgbọ́ nínú rẹ̀ jù ni iṣẹ́ kékeré láàárín dígírì 0 sí 30. Kí aláìsàn dúró, kí ó di ohun tó dúró ṣinṣin mú, kí ó tẹ orúnkún díẹ̀, kó dúró níbẹ̀, kó nà án padà díẹ̀díẹ̀, kó sì dáwọ́ dúró kó tó tì pa. Ìdádúró yẹn ni gbogbo iṣẹ́. Ẹ máa rí i bí itan ṣe máa gbọ̀n nígbà tó bá ku díẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣan ti ń kọ́ ohun tó ti gbàgbé. Ẹni tí kò gbọ́ orúnkún rẹ̀ mọ́ nílò ojú dípò ìmọ̀lára: dígí ní ẹ̀gbẹ́, fídíò tó máa wò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, tàbí ẹ̀rọ kékeré tó ń dún nígbà tí orúnkún bá ti kọjá ààyè. Iṣan ẹ̀yìn itan náà kò gbọ́dọ̀ di ẹni ìgbàgbé.

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ kan máa sọ pé, “Ẹ jẹ́ kó rìn, bó ṣe wù kó rìn, ìrìn sàn ju ìjókòó lọ.” Òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọkàn nílò ìrìn, egungun nílò rẹ̀, kátíléèjì pàápàá nílò rẹ̀, bí mo ṣe sọ lókè. Kò sí ẹni tó ń sọ pé kí a dá aláìsàn padà sórí ibùsùn nítorí orúnkún. Ohun tí mò ń sọ ni pé ká má ṣe jẹ́ kí ìrìn tó wà lónìí jẹ ìrìn ọdún mẹ́wàá sí i. Rọpárọsẹ̀ ń mú àwọn tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ọ̀pọ̀ nínú wọn á sì fi orúnkún yìí rìn fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ̀yin ni mo yàn láti kọ̀wé sí torí ẹ̀yin lẹ lè gbé ọ̀rọ̀ yìí dé ibi tí ohùn mi kò lè dé. Láti 1951 tí wọ́n ti dá ẹgbẹ́ yín sílẹ̀ ní Copenhagen, ẹ ti kó onífisiotẹ́rápì orílẹ̀-èdè púpọ̀ jọ. Ní 8 oṣù Kẹsàn-án 2022, osteoarthritis, làkúrègbé tó ń jẹ kátíléèjì, lẹ fi ṣe kókó ọjọ́ fisiotẹ́rápì àgbáyé. Ohun tó dára ni. Àmọ́ orúnkún ẹni tó ní rọpárọsẹ̀ wà ní ìkóríta: àwọn tó ń tọ́jú ọpọlọ ń wò ó bí ọ̀rọ̀ egungun, àwọn tó ń tọ́jú egungun ń wò ó bí ọ̀rọ̀ ọpọlọ.

Ẹ bá wa fi ìlà kan kún ìwé àyẹ̀wò tí àwọn onífisiotẹ́rápì ń lò fún ẹni tó ń bọ̀ láti inú rọpárọsẹ̀: dígírì orúnkún láti ẹ̀gbẹ́, nígbà tí ẹsẹ̀ bá gba ẹrù, àti dígírì kókósẹ̀ nígbà tí orúnkún bá nà. Kí wọ́n kọ ọ́ kó tó kúrò ní ilé ìwòsàn, kí wọ́n tún un kọ nígbàkígbà tó bá padà wá. Níbi tí ultrasound bá wà, kí wọ́n wọn kátíléèjì orúnkún méjèèjì ní ìbẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì tún un wọ̀n lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Kí àwọn tó ń ṣe ìwádìí nínú ẹgbẹ́ yín sì tẹ̀lé àwọn aláìsàn wọ̀nyí fún ọdún púpọ̀, kí wọ́n ya àwọn tí orúnkún wọn ń tẹ̀ sẹ́yìn sọ́tọ̀ sí àwọn tí tiwọn kò tẹ̀, dípò kí wọ́n kó gbogbo wọn pọ̀ sábẹ́ orúkọ rọpárọsẹ̀.

Bí ẹ bá ní ìwé àyẹ̀wò kan tó ti ní ìlà yẹn nínú tẹ́lẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde fún gbogbo wa. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni màá bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́,
Onífisiotẹ́rápì kan